Snow, Èédú, àti Màmá Ṣadé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú snow tó kọjá yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ọwọ́ mi ló ń wúwo. Ẹni tó bá ní ìyá tàbí bàbá tó ti ilé wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kó jọ̀ọ́ kà á dópin.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Eccles ni mò ń gbé, ní Salford níbí. Ilé ìdáná ilé ìwé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A ní group WhatsApp kan, àwa Yorùbá agbègbè yìí: ará Pendleton, ará Stretford, àwa ará Eccles. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ti mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ la ti máa ń béèrè ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀fọ́ tó dáa, ta ló ní car seat tí kò lò mọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí snow yẹn bẹ̀rẹ̀, group wá di rédíò! Kálukú ń sọ ohun tó ń rí lójú fèrèsé. Arábìnrin kan tó ń gbé lókè téńté nínú ilé gogoro ní Pendleton ní òun ò rí ilẹ̀ mọ́, pé òrùlé mọ́tò nìkan lòun ń rí, wọ́n tò bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ẹnìkan ní Stretford ní tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ti dúró, òun ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ìpéǹpéjú òun sì ti ń dì. Ẹlòmíì ní búrẹ́dì ti tán ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí òun dé. Èmi náà ya fọ́tò bin wa tí snow ti bò mọ́lẹ̀, mo fi ránṣẹ́. À ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ àkọ́kọ́ snow, ta ni inú rẹ̀ kì í dùn?

Ẹni tí gbogbo wa ń dúró dè ni Màmá Ṣadé. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ti Ṣàgámù dé, wọ́n wá bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni Ṣadé. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sin bàbá rẹ̀ nílé, Ṣadé fúnra rẹ̀ sì ti parí ìsinmi ìbímọ, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun ló fi Màmá sínú group kí àárò ilé má baà máa sọ wọ́n. Màmá kì í tẹ nǹkan o, voice note ni tiwọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú òtútù o. Wọ́n ń jọ̀ láfún lókè ọ̀run, àwọn tó ń jọ̀ ọ́ ò sì rántí gbé igbá sísàlẹ̀!"

Ẹ̀rín pa wá. Mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́ta.

Ọjọ́ kejì ló yí padà. Atẹ́gùn dé pẹ̀lú snow yẹn, iná sì lọ ládùúgbò Ṣadé àti Màmá, tí kò jìnnà sí tiwa. Iná lọ o, ní ìlú òyìnbó! Àwọn kan tún ń ṣe yẹ̀yẹ́ lórí group pé àwọn rò pé àwọn ti fi ìyẹn sílẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ níbí, boiler tó ń mú omi gbóná á kú, heating tó ń mú ilé móoru á kú, kúkà oníná á kú. Ilé á wá tutù bí inú fìríìsà.

Ṣadé ò sì sí nílé. Ó ti lọ sí shift láti àná, ẹni tó yẹ kó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ò rí ọ̀nà wá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ta ló fẹ́ fi àwọn aláìsàn sílẹ̀? Màmá àti ọmọ nìkan ló wà nílé.

Màmá sọ lórí group pé imú ọmọ ti ń tutù. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ẹ wọ aṣọ méjì fún un. Ẹ wé e. Ẹ pọ̀n ọ́n. Èmi náà ní tí snow bá dẹwọ́, màá gbé fláàsì omi gbígbóná wá. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, kí n má lọ ṣubú lójú títì nítorí àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí.

Mo bá gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ mi. Iná ò lọ lọ́dọ̀ tiwa.

Nígbà tí mo padà dé ìdí fóònù, message ti pọ̀ jù. Mo ń wò ó lọ sókè, fọ́tò snow, fọ́tò snow, títí mo fi dé orí voice note Màmá. Ohùn wọn dùn, ohùn ẹni tó ti ṣẹ́gun. Wọ́n ní:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má dààmú mọ́ o. Mo ti dọ́gbọ́n sí i. Mo rí àpò èédú kan lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú ààrò onírin tí wọ́n fi ń sun ẹran nígbà ooru. Mo ti gbé e wọ kíṣìnnì, mo ti dáná sí i, kò tilẹ̀ rú èéfín mọ́. Mo fi táwẹ́lì dí ẹsẹ̀ gbogbo ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Ọmọ ti sùn ní yàrá òkè. Omi tí n ó fi po mílíìkì rẹ̀ ló wà lórí iná yìí."

Kí làwọn èèyàn kọ sí i? "Màmá, ọpọlọ yín pé!" "Àgbà ò ní tán lórí ilẹ̀!" Ẹnìkan ní òtútù òyìnbó kéré sí ọmọ Ṣàgámù. Gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún fún ojú tó ń rẹ́rìn-ín.

Voice note kejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò gùn rárá. "Orí ń fọ́ mi díẹ̀. Oorun ń kùn mí. Òtútù yìí náà ni. Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn ti nǹkan."

Ara mi bù máṣọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Agége, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa ìdílé kan lójúlé kejì sí tiwa. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ ní orí ń fọ́ àwọn. Èédú tó ti pọ́n dáadáa kì í rú èéfín lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró tó ń tú jáde lára rẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní carbon monoxide, ojú ò rí i, imú ò gbọ́ òórùn rẹ̀. Màmá sì ti dí gbogbo ilẹ̀kùn!

Mo pè wọ́n. Ó ń dún, wọn ò gbé e. Mo tún pè. Mo wá pe 999, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè níbí fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Obìnrin tó gbé e ní ambulance ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ò dáa, kí n má pa fóònù. Ọkọ mi ti yọ̀ ṣubú lánàá, kókósẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè rìn. Ó ní kí n máa lọ, òun wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó fi fóònù tiẹ̀ kọ ọ́ sórí group pé ta ló wà nítòsí. Bọ̀dá Mùfú ló kọ́kọ́ dáhùn. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, àwọn ni wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé ẹrù kiri ilé àwọn èèyàn, ilé wọn wà lẹ́yìn tiwa. Kí n tó wọ bàtà tán, wọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìrìn tí a máa ń fi ṣeré nígbà ooru! Snow dé orúnkún mi. Mo ṣubú, Bọ̀dá Mùfú fà mí dìde, àwọn náà ṣubú. Kò sí ọkọ̀, kò sí ẹyẹ, kò sí ariwo kankan. Obìnrin inú fóònù nìkan ló ń béèrè pé ṣé a ti débẹ̀.

Wọ́n ti fa kọ́tìnnì ilé náà dé. A kanlẹ̀kùn, a pariwo, "Màmá! Màmá Ṣadé!" Bàbá òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ó ní òun ò gbọ́ ìró kankan láti ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn, pé òun gbọ́ òórùn bí ìgbà tí wọ́n ń sun nǹkan, òun ò sì kà á sí. Bọ̀dá Mùfú gba ṣọ́bìrì, a gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, wọ́n fọ́ fèrèsé kíṣìnnì.

Ooru tó fẹ́ sí wa lójú rọra fẹ́ ni. Ó rọ̀ bí ooru ilé tó ń kí èèyàn káàbọ̀. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn láéláé.

Obìnrin inú fóònù ní a ò gbọ́dọ̀ wọlé. Mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá Mùfú. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ wà lókè, Sister." Wọ́n fi ṣíkáàfù di imú, wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n sì gba ojú fèrèsé wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, a rí Màmá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Etí táwẹ́lì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ń fà á kúrò nídìí ilẹ̀kùn ni.

A wọ́ wọn jáde sínú snow. Bọ̀dá Mùfú tún sáré wọlé, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n gbé ọmọ jáde, wọ́n ń wúkọ́. Orí ọmọ rọ̀ sẹ́yìn. Ọlọ́run mi! Ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú, ó fa ìmí, ó ké. Igbe kékeré bí ti ológbò. Bàbá òyìnbó ṣí kóòtù rẹ̀, ó gbé e sáyà, ó pa kóòtù dé.

Èmi wà lórí Màmá. Obìnrin inú fóònù ń kà, mò ń tẹ àyà wọn. Ó ń kà, mò ń tẹ̀. Tó bá rẹ̀ mí, Bọ̀dá Mùfú á gbà á. Snow ń bọ́ sí Màmá lójú. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń yọ́. Nígbà tó yá, kò yọ́ mọ́.

Àsìkò yẹn ni fóònù Bọ̀dá Mùfú dún. Ṣadé ni. Ó ti rí ohun tí ọkọ mi kọ. Ọwọ́ Bọ̀dá Mùfú wà láyà ìyá rẹ̀, èmi ni mo gbé e. Ohùn nọ́ọ̀sì ló fi béèrè: ṣé ọmọ ń mí, àwọ̀ ètè rẹ̀ ńkọ́? Mo dá a lóhùn. Ó wá béèrè pé:

"Màmá mi ńkọ́?"

Mo ní ambulance ń bọ̀.

"Àǹtí Bùkọ́lá, ẹ má dá mi lóhùn bí a ṣe ń dá ẹbí aláìsàn lóhùn. Ṣé ìyá mi ń mí?"

Mo gbé fóònù sún mọ́ Bọ̀dá Mùfú lẹ́nu. Láìdáwọ́ dúró, wọ́n ní, "Ṣadé, a ò tíì dáwọ́ dúró. A ṣì ń tẹ àyà wọn."

Àwọn ambulance fẹsẹ̀ rìn dé ni. Ọkọ̀ wọn ò lè wọ àdúgbò, wọ́n wọ́ ẹrù wọn láti títì ńlá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa, wọ́n gbìyànjú, wọ́n gbìyànjú gan-an. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn wo ojú ìkejì, mo sì mọ̀. Bọ̀dá Mùfú bọ́ kóòtù wọn, wọ́n fi bo Màmá.

Ọkọ̀ pólíìsì ló gbé Ṣadé dé títì ńlá, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú snow, ó tún gèlè ìyá rẹ̀ tó ti tú wé, ó wé e dáadáa, ó fi etí gèlè náà bọ inú bó ṣe yẹ. Ìgbà tó wé e tán ló tó ké.

Ọmọ náà yè. Wọ́n fi oxygen sí i nímú nílé ìwòsàn, ó gbádùn. Ó ti ń di àga mú rìn báyìí.

Lórí group, mo kàn rí i pé àwọn èèyàn ń pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ojú tó ń rẹ́rìn-ín yẹn. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ká ní mo tètè rí i, ṣé ó dá mi lójú pé èmi náà ò ní rẹ́rìn-ín?

Ẹnìkan sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àìmọ̀kan ló pa Màmá. Inú bí mi! Obìnrin tó ti ń fi iná èédú dáná láti ogójì ọdún sẹ́yìn, tó fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ dàgbà? Nílé, kíṣìnnì wa wà nínú atẹ́gùn. Ilé tiwa ń mí. Ilé ibí kì í mí, wọ́n dí gbogbo ihò rẹ̀ nítorí òtútù. Ta ló sọ ìyẹn fún Màmá? Àwa tí a ti pẹ́ níbí, a fi bọ́ọ̀sì hàn wọ́n, a fi ṣọ́ọ̀bù hàn wọ́n, a kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tan heating. A ò sọ ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe tí heating bá kú.

Ẹ jọ̀ọ́, èédú, jẹnẹrétọ̀, ààrò tí a fi ń sun ẹran, ìta ni ibùgbé wọn. Tí orí bá ń fọ́ yín nínú ilé tí iná ń jó, tí oorun sì ń kùn yín, ẹ má jókòó, ẹ jáde, kódà bí snow ń bọ́. Ẹ ra alámù tó máa ń dún nítorí afẹ́fẹ́ olóró yẹn, kì í ṣe ti èéfín lásán. Tí àgbàlagbà bá sì sọ lórí group pé òun ti dọ́gbọ́n sí òtútù, ẹ bi í pé ọgbọ́n wo ni, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin náà, kí lojú yín rí nínú snow yẹn? Mo fẹ́ gbọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí. Tí ẹnì kan tó ti ilé dé bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ná, ẹ dìde, ẹ lọ bá wọn nínú yàrá wọn, kí ẹ sọ fún wọn. Ìgbà tí ẹ bá ti sọ fún wọn tán ni kí ẹ tó padà wá bá mi sọ̀rọ̀.