Àpá Ilẹ̀ Yàrá Gbádéyan

Ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀ ilé rẹ̀ dán ní Kàbà láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Ọ̀dọ̀ Adédùntán, ìyá Ọmọ́ṣọlá, ni gbogbo ayé máa júwe fún un. Kí sìmẹ́ǹtì tó gbòde ni obìnrin náà ti ń fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, àti omi èèpo irúgbá ra ilẹ̀ fún àwọn èèyàn, tí á fi òkúta odò yí i títí ilẹ̀ amọ̀ á fi máa kọ mọ̀nà. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ káwọ́ lérí pé iṣẹ́ bọ́. Tirẹ̀ kọ́! Ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ́ ìda mọ́ kẹrosíìnì, tí wọ́n ń po ìyẹ̀fun pupa mọ́ ọn, ó sì di ẹni tí ilé ẹjọ́ àti ilé àwọn fáda ń ránṣẹ́ pè. Iṣẹ́ kì í pa á, ilẹ̀ tí kò dán ló ń pa á.

Ọkọ rẹ̀, Gbádéyan, bíríkìlà ni. Òun a tẹ́ ilẹ̀, ìyàwó a mú un dán, wọ́n á sì máa bá ara wọn jiyàn lórí ta ló ni iyì. Gbádéyan a ní, "Èmi ni mo bí ọmọ, ìwọ kàn wẹ̀ ẹ́ ni." Adédùntán a ní, "Ọmọ tí a kò wẹ̀, ta ni yóò gbé e?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Ilé tiwọn ló kọ́kọ́ ní ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ní àdúgbò, ọwọ́ Gbádéyan fúnra rẹ̀ ló sì tẹ́ ẹ.

Lọ́dún 1953, ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú un lọ. Hẹ̀ẹ̀! Ọkùnrin tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Wọ́n sin ín sínú yàrá rẹ̀, bí a ṣe ń sin àgbà ọkùnrin nílé wa. Wọ́n fọ́ ilẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́, wọ́n gbẹ́ ibojì rẹ̀ síbẹ̀, Moses àbúrò rẹ̀ ló sì po sìmẹ́ǹtì dí i. Àgbẹ̀ ni Moses, kì í ṣe bíríkìlà. Iṣẹ́ burúkú ló ṣe: àpá náà funfun bí ẹfun láàárín ilẹ̀ dúdú, ó sì rí págunpàgun. Ẹ ó rò pé Adédùntán kò ní fara mọ́ ọn. Àní kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Láràárọ̀ ni á kúnlẹ̀, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí orí ọkọ rẹ̀ wà, á kí i bí a ṣe ń kíni ní Kàbà, á ní, "Bàbá Ọmọ́ṣọlá, okun o." Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀ tó mọ́ fún un.

Ọdún kẹta ni ilé náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kọ́ńpìnnì kan tó ń ra kọfí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tó sì ń ta iyọ̀ àti aṣọ, ń wá ilé etí títì. Moses, tó ti di olórí ẹbí, ló bá wọn fọwọ́ sí ìwé. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ìkà. Ilé ẹbí ni, àwọn ọmọ ẹbí sì wà nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló bi opó léèrè? Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n wó gbogbo ògiri inú ilé kó lè di ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ṣoṣo, wọ́n dí àwọn fèrèsé àtijọ́, wọ́n lu ilẹ̀kùn mìíràn sójú títì. Yàrá Gbádéyan kò sí mọ́. Àpá yẹn nìkan ló kù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni akọ̀wé kọ́ńpìnnì, ọmọkùnrin ará Ẹ̀júkù kan tó ń jẹ́ Philip, wá bá a lẹ́yìnkùlé.

"Ìyá, okun o."

"Okun, ọmọ mi."

"Ìyá, ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n wá rí. Ọ̀gá wa òyìnbó ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja ní Sátidé. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, kó pọ́n, kó dán, kó jẹ́ ojú kan náà láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò fẹ́ rí àpá kankan. Ẹ má bínú, Ìyá. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa wá ra iyọ̀ lórí sàréè?"

"Ọkọ mi ni, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ̀ yín wá. Bí ẹ ò bá ṣe é, àwọn òṣìṣẹ́ Lọ́kọ́ja ló máa fi dígà hú ibẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ òmíràn. Bí ẹ bá sì ṣe é, iṣẹ́ yín nìyẹn. Gbogbo Sátidé ni ẹ ó máa wá mú un dán, ẹnikẹ́ni ò ní lé yín."

Adédùntán wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí àjèjì máa fi dígà lu orí Gbádéyan? Láéláé! Bí wọ́n bá ti lè jẹ́ kó máa kúnlẹ̀ níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sàn ju kó máa yọjú wò ó láti ẹ̀yìnkùlé. Ó gbà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó fi eérú àti kànrìnkàn fọ ilẹ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Ó po sìmẹ́ǹtì kíkúnná, ó fi dí ẹsẹ̀ àwọn ògiri tí wọ́n wó. Ó wá kan àpá náà. Ó mú òkúta odò tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á, omijé ń kán sí i, ó ń ha á mọ́ omijé. "Bàbá Ọmọ́ṣọlá, má bínú," ló ń wí. "Ọmọ rẹ ni mò ń wẹ̀ fún ọ." Ó fi sìmẹ́ǹtì tín-ín-rín bò ó, ó tẹ́jú, ó di ojú kan náà pẹ̀lú ìyókù. Ṣùgbọ́n kó tó gbẹ, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí orí wà, ihò kékeré kan tí kò jìn ju hóró ọkà bàbà lọ. Lẹ́yìn tí ìda pupa ti gorí rẹ̀, ojú kò lè rí i. Ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n nìkan ló lè rí i.

Òyìnbó dé, ó wo ilẹ̀, ó rí irun imú ara rẹ̀ níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Philip ní, "Ìyá, àrà lẹ dá!"

Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé ṣe di ọjọ́ ọdún fún Adédùntán. Kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, á ti wọlé pẹ̀lú agolo ìda àti àkísà rẹ̀. Á kúnlẹ̀, á máa fi ọwọ́ wá a, àtàǹpàkò rẹ̀ á sì kó sínú ihò náà bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà àtijọ́. "Bàbá Ọmọ́ṣọlá, okun o." Á ròyìn fún un: Ọmọ́ṣọlá ti bímọ ọkùnrin ní ilé ọkọ rẹ̀ ní Iyamoye, ọ̀bọ ti jẹ oko Moses tán, ó kù díẹ̀ kó jẹ Moses fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ibòmíràn, ẹ̀ẹ̀kan ló ń fi ìda ra á. Ibẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ibi tí ọkọ rẹ̀ sùn sí lè dán ju gbogbo ilẹ̀ yòókù lọ.

Ẹ wá wo nǹkan! Obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́, tó ń sọ fún wọn pé bí ilẹ̀ bá ní ihò wẹ́wẹ́, kí wọ́n ṣáà máa fi ìda ra á, pé bó pẹ́ bó yá á dí. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń wí i. Kò rántí ihò tirẹ̀.

Sátidé kan nígbà ọyẹ́, ó kúnlẹ̀, ó nawọ́. Kò sí nǹkan. Ó sún sọ́tùn-ún, kò sí. Ó sún sósì. Ó bọ́ gèlè, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀ bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ á rí ohun tí ọwọ́ kò rí. Ilẹ̀ náà tutù, ó dán, ó tẹ́jú dọ́gbadọ́gba.

Ó sáré lọ pe Moses. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ gbẹ́ ẹ sí?"

Moses dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń họ orí. "Ibí ni, Ìyá Ọmọ́ṣọlá." Ó gbẹ́sẹ̀ méjì. "Àbí ibí? Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo mọ̀."

"Fèrèsé wo?"

Moses wo ògiri yíká. Kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀. Ó jókòó lórí àpò iyọ̀, kò sì lè gbójú sókè wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Adédùntán rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìda kúrò nílẹ̀. Ó nu ibí, ó fọwọ́ kàn án, kì í ṣe ibẹ̀. Ó nu ọ̀hún. Kẹrosíìnì ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ débi pé kò mọ̀ bóyá òun ti kọjá ibẹ̀. Philip ṣí ilẹ̀kùn wọlé, ó rí ilẹ̀ tó ti di alábàwọ́n.

"Ìyá! Kí lẹ ń ṣe? Ẹ ti ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́!"

Ó gbójú sókè. "Akọ̀wé, ọkọ mi ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi sọ ọ́ nù."

Àwọn oníbàárà ti ń kan ilẹ̀kùn níta. Bí Adédùntán bá ní òun á nu gbogbo ilẹ̀ náà, ọjọ́ mẹ́ta ni, òyìnbó á sì gbọ́, wọ́n á lé e, kò sì ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mú agolo ìda rẹ̀, ó ra gbogbo ibi tó nu, ó mú un dán padà bó ṣe wà, kò sí àpá kankan.

Ó wá ku kó kí ọkọ rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ó kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Ọmọ́ṣọlá, okun o." Ó fi eékún rìn síwájú díẹ̀, ó tún un wí. Ó dé ẹ̀gbẹ́ àwọn àpò iyọ̀, ó tún un wí. Àwọn èèyàn ń ti ilẹ̀kùn láti ìta, wọ́n ń bèèrè bóyá ṣọ́ọ̀bù kò ní ṣí lónìí ni. Philip fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, kò sì ṣí i fún ẹnikẹ́ni títí obìnrin náà fi kí i dé ògiri ẹ̀yìn.