Yẹ̀pẹ̀ Láti Ọwọ́ Tí A Fọ̀ Dé Ìgúnpá

Ó dìgbà kan ná, Ẹ̀gbọ́n mi Morẹ́nikẹ́. Ẹnu mi kọ̀, kò lè sọ pé ó tán. Obìnrin bí ọkùnrin, ẹnjiníà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń yí ayé po lókè tí ojú wa kò tó, ikú mú yín lọ, ó fi àwọn tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Èmi Ìyá Tèmi ló ń kọ èyí sínú ìwé ìbánikẹ́dùn yín. Inú ìjọ kan náà la ti pàdé ní Manchester, nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ilẹ̀ ọsibítù ni mo ń nù. Oyè fásítì yín kún ògiri, síbẹ̀ "àbúrò mi" lẹ ń pè mí níwájú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ sátẹ́láìtì lẹ ń tò, nínú yàrá tí eruku kò gbọdọ̀ wọ̀. Wọn kì í kun àtíkè wọ ibẹ̀, wọn kì í pa ìpara, wọn kì í fín lọ́fíńdà. Ìdí nìyẹn tí ojú yín fi máa ń gbẹ. Àwọn ará ìjọ wa ní ìgbéraga ni. Àwọn mìíràn ní obìnrin tí kò mọ ara tọ́jú, ibo ni yóò ti rí ọkọ. Ẹ gbọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Àbúrò mi, ohun tí a kò lè gòkè lọ tún ṣe, ilẹ̀ la ti ń ṣe é dáadáa."

Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọkùnrin tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ló ń di ọ̀gá lé yín lórí. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yín gbéra lọ sí òfuurufú, àwọn ni tẹlifíṣàn ń fi hàn. Orí àga mi lẹ ti wò ó, àwo ẹ̀wà lórí itan. Mo bú wọn títí. Ẹ ní kí n dákẹ́, kí ẹ lè gbọ́ bóyá ó ti dé ibi tó ń lọ.

Ẹ kó àwọn ọmọbìnrin wa jọ ní gbọ̀ngàn ìjọ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti bí a ti ń so wáyà. Ẹni tí kò bá fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kò gbọdọ̀ sún mọ́ tábìlì yín. Àwọn àgbà ìjọ gba gbọ̀ngàn wọn padà, wọ́n ní ẹ ń kọ́ ọmọ kó má lọ́kọ. Ẹ kò jà. Ẹ kó wọn lọ sí pálọ̀ yín ní Stockport, ẹ ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iṣẹ́ ń lọ. Tèmi, ọmọ mi, wà nínú wọn. Lónìí, òun náà ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní fásítì.

Nígbà tí àìsàn dé, mo mọ àwọn tó wá. Àwọn ọmọ yẹn ló ń pín ọjọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì wá tọ́jú yín. Òdòdó tó kún iwájú pẹpẹ yìí, mo mọ̀ pé kì í ṣe owó pọ́ọ́kú. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ì bá ti wúlò jù ú lọ.

Níbi ìpàdé ẹbí, ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin tó ti Abẹ́òkúta wá bèèrè pé, "Kò bímọ. Ta ni yóò da yẹ̀pẹ̀ sí i?" Ó dá ara rẹ̀ lóhùn: ọmọ tòun ni.

Tèmi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa náà ni ọmọ wọn."

"Ọmọ wo? Ṣebí ìyá ẹ ló jókòó yìí."

Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo bí i lóòótọ́. Ibi tó dé lónìí, ṣé ìwé mẹ́fà mi ló gbé e débẹ̀?"

 Bàbá ní kí àwọn ọmọbìnrin náà wá, kí wọ́n ṣáà dúró sẹ́yìn ọmọ òun, ọmọ tí kò mọ ọ̀nà ilé yín àfi ìgbà tí ẹ kú.

Rárá o. Mo kọ ọ́ síbí kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá sìnkú kà á kí a tó dé itẹ́ òkú: àwọn ọmọbìnrin yẹn ni yóò ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ dúró níwájú wọn, kó sọ ohun tó ṣe fún Ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n wà nílẹ̀. Wọ́n ti gòkè báyìí. Èyí tí a bà jẹ́, a kò lè lọ tún un ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ọjọ́ ayé yín, ẹ kò jẹ́ kí eruku bà lé iṣẹ́ yín. Yẹ̀pẹ̀ tí yóò bà lé yín lónìí, ọwọ́ àwọn tí ẹ kọ́ ni yóò ti wá. Mo ti ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ dé ìgúnpá.

Ẹ sùn re o, ọlọ́mọ tí wọ́n ń pè ní àgàn.