Ìwé Alàwòrán Tí Katakata Wó Mọ́lẹ̀

Àwọn ọmọ kíláàsì Tíṣà Ilésanmí ní Ìsọlọ̀ kì í fẹ́ ka ìwé ìtàn àtijọ́ tó ń kọ́ wọn, ló bá ní kí wọ́n sọ ọ́ di ìwé alàwòrán. Inú wọn dùn. Òrùlé kíláàsì ń jò, nítorí náà Ọmọ́wùmí ló ń kó àwọn àwòrán náà pamọ́ sílé wọn l'Óṣòdì.

Lásìkò náà, owó epo dé, ìjọba ń la títì káàkiri. Lọ́jọ́ kan, Ọmọ́wùmí dé tẹkúntẹkún.

"Tíṣà, katakata ti wó ilé wa. Wọn ò jẹ́ ká kó nǹkan kan."

Ilésanmí bá a débẹ̀. Ilẹ̀ pupa lásán ni wọ́n bá.

"Ẹ jẹ́ ká tún un yà, sà," làwọn yòókù ń bẹ̀ ẹ́.

"Ó ti sú mi," ló wí, ó sì jókòó.