Káfíńtà Tó Gbé Ibùsùn Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹni tí kò mọ ohun mìíràn nípa olóògbé Gbádéyan káfíńtà ní Kàbà, ó mọ̀ nípa ọjọ́ Ìsinmi tó gbé ibùsùn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwàásù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni òun àti Lájídé aládùúgbò rẹ̀ gbé e wọlé, tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí àárín àwọn obìnrin. Yéjídé ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, ó sì fi ìborùn bo ojú nítorí ìtìjú. Tíṣà Ọláníran tó ń wàásù dákẹ́. Ó bi káfíńtà léèrè bóyá ilé Ọlọ́run ni wọ́n wà ni àbí ilé oorun.

"Tíṣà," ni Gbádéyan wí, "àwọn tó gbé alárùn ẹ̀gbà lọ bá Jésù, òrùlé onílé ni wọ́n dá lu, Olúwa kò sì bá wọn wí. Ẹnu ọ̀nà lèmi gbà wọlé."

Tíṣà padà sídìí ìwàásù rẹ̀. Yéjídé sùn títí ìwàásù fi parí, ó tilẹ̀ hanrun díẹ̀. Ohun tó wá dun Tíṣà jù ni pé, nígbà tí ìsìn tú, àwọn alàgbà ìjọ kan sún mọ́ Gbádéyan pé kó kan irú rẹ̀ fún àwọn náà.

Kì í ṣe àfojúdi ló fà á. Aṣọ ni Yéjídé máa ń hun, ìdí òfì ló sì ń jókòó sí láti àárọ̀. Nígbà tó lóyún èkejì, lẹ́yìn Mary ọmọbìnrin wọn, ìrora kan dìde láti ìdí rẹ̀ ọ̀tún. Ó gba ẹ̀yìn itan, ó sáré dé gìgísẹ̀, bí ìgbà tí ata bá kan egbò. Bó bá jókòó, yóò fẹ́ dìde. Bó bá dìde, yóò máa wá ibi tí yóò jókòó. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó dúró gbọin sójú ọ̀nà, kò lè gbẹ́sẹ̀. Ìyá Gbádéyan ní làkúrègbé ni. Theresa agbẹ̀bí ní rárá: ọmọ ti ń wúwo, iṣan ńlá tó ti ìdí lọ sí ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí Yéjídé máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kó fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún, kó máa fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ibẹ̀, kó má jókòó pẹ́, kó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá kú, tàbí tí ìtọ̀ bá ń bọ́ láìmọ̀, kí wọ́n gbé e wá kíákíá.

Ìmọ̀ràn yìí rọrùn. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí Theresa ṣe ni pé ó sọ ọ́ níwájú Gbádéyan.

Ìrọ̀rí tó wà nílé kéré lójú káfíńtà. Ó kó òwú àràbà jọ, ó rán ọ̀kan tó gùn tó géńdé ọkùnrin. Yéjídé gbé ẹsẹ̀ lé e, ó dì mọ́ ọn, oorun gbé e lọ. Àyè kò wá ṣẹ́kù lórí ibùsùn, ni Gbádéyan bá tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láàárọ̀, ìyá rẹ̀ wọlé wá kí wọn pé okun o. Ó rí ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn, tó di ẹnìkan mọ́ra lábẹ́ aṣọ. Kò bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó lọ mú ọmọ odó. Yéjídé ta jí, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìyá sì dojú ọmọ odó kọ ìrọ̀rí. Kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òwú ti bo ilé bí ọyẹ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á," ni Gbádéyan ń bẹ̀bẹ̀, tó ń tu òwú lẹ́nu. "Láti oṣù tó kọjá, òun nìkan ló tíì mú ìyàwó mi sùn."

Ti aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló burú jù. Gbádéyan ní aṣọ a máa tètè tutù. Ó kan àga kan tó ní àpótí lábẹ́ ìjókòó, ó fi páànù tẹ́ inú àpótí náà, ó sì da ẹ̀yín iná sí i. Yéjídé wo àga, ó wo ọkọ, ó ní kí Bàbá Mary kọ́kọ́ jókòó ná. Bàbá Mary jókòó. Ó ń ṣàlàyé bí ooru ṣe ń gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Inú ìkòkò omi Lájídé ló sá lọ jókòó sí. Lọ́jọ́ kejì, ó wà lórí ìlà láàárín àwọn aboyún ní ilé ìgbẹ̀bí, òun nìkan ló dúró, kò lè jókòó. Theresa wò ó láti òkè délẹ̀.

"Káfíńtà," ló wí, "oṣù kélòó lẹ wà?"

Ó tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀, ó sì rẹ aṣọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó fi lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kó lè mọ ìwọ̀n ooru tí awọ ara lè gbà. Láti ọjọ́ náà, Gbádéyan ló ń fi aṣọ náà lé ìdí ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọkùnrin àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ sọ yẹ̀yẹ́ náà fún ìyàwó wọn. Àwọn tó lọ sọ ọ́ kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Bí wọ́n bá sì ń rìn lójú ọ̀nà Ayétòrò-Gbẹdẹ, òun ló ń ru àpótí ìjókòó tẹ̀lé Yéjídé, kó lè máa sinmi. Ọkùnrin kan rò pé ó ń kiri ọjà, ó ná an, kò sì jẹ́ kó lọ. Gbádéyan ní kì í ṣe títà, ìjókòó aboyún ni, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá lóyún, kó máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni ẹ̀rín ti gbẹ lọ́jọ́ kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Yéjídé yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó di igi mú.

"Bàbá Mary," ló wí jẹ́jẹ́, "n kò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́."

Gbádéyan ju àpótí sínú igbó. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sápá, ó kọrí sílé ìgbẹ̀bí. Àwọn tó pàdé rẹ̀ kí i, kò dáhùn. Kò sẹ́ni tó tíì rí i rí tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Theresa fi èékánná họ àtẹ́lẹsẹ̀ Yéjídé, ó ní kó gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó pẹ́ kí ìka tó mira, ṣùgbọ́n ó mira. Gbádéyan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó nu ojú tán, ó mi ibùsùn tí ìyàwó rẹ̀ wà lórí rẹ̀ wò, ó ní ta ló kan ìranù yìí.

Theresa kò jẹ́ kí Yéjídé padà sílé. Ara ẹsẹ̀ náà jí díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi bí Joseph wẹ́rẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Gbádéyan kú, ní ọjọ́ ogbó. Nígbà tí àwọn èèyàn wá bá wọn kẹ́dùn, ìtàn wọ̀nyí ni wọ́n ń pa, ẹ̀rín sì ń sọ láàárín ilé ọ̀fọ̀. Mary, tóun náà ti lóyún lásìkò ọ̀fọ̀ náà, bi ìyá rẹ̀ pé èwo gan-an ló mú ìrora náà lọ nínú gbogbo rẹ̀.

"Kò sí èyí tó mú un lọ," ni Yéjídé wí. "Aṣọ dín in kù, fífẹ̀gbẹ́ sùn dín in kù. Ìgbà tí mo bí àbúrò rẹ ló tó kúrò." Ó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ ọ̀tún. "Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn obìnrin tí irú rẹ̀ ṣe, tí ọkọ wọn kò mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Bàbá rẹ mọ̀ ọ́n. Kí n tó fajú ro tán, ó ti ń wá pákó."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló di omijé lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó má sunkún.