Àyè Tí Màmá Ní Kí Wọ́n Má Fi Táìlì Sí

"Dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn, ọkọ mi. Na ẹsẹ̀ rẹ dáadáa."

Ilẹ̀ pálọ̀ tutù bí omi àmù. Wọ́n ti kó gbogbo àga síta, ohùn wa sì ń dún padà láti ara ògiri bí ẹni pé àwọn kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sín wa jẹ. Mo dùbúlẹ̀. Màmá, ìyá bàbá mi, dúró lókè orí mi tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, òórùn róbù ń ti ara rẹ̀ bọ̀ wá bá mi nílẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, onítáìlì tí bàbá mi rán wá láti Àkúrẹ́ kọjú síta, ó fi téèpù rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó jí i.

"Ṣé o ti nà tán?"

"Mo ti nà tán, Mà."

"Má mí púpọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí mi ká. Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí yẹn ni ibi tí Màmá fẹ́ kí wọ́n sin òun sí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé kí ẹ má baà rò pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ètùtù ni. Nínú ilé wa ní Oǹdó, pálọ̀ ni bàbá bàbá mi wà. Wọ́n sin ín sí igun tó wà lábẹ́ fèrèsé, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bò ó, ojú ibẹ̀ sì ga díẹ̀ ju ilẹ̀ yòókù lọ. A máa ń jókòó lórí rẹ̀. Èmi a máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi níbẹ̀, mi ò sì rò pé Bàbá ràn mí lọ́wọ́ rí, nítorí ìṣirò mi ò fìgbà kan dára. Ẹ̀rù rẹ̀ ò bà mí. Ẹni tó ti wà nínú sàréè ti wà níbẹ̀ náà nìyẹn. Àyè tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ló fẹ́ gba ẹ̀mí mi.

Bàbá mi, tó ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, ló pinnu pé òun máa fi táìlì sí pálọ̀ ìyá òun. Ó rán onítáìlì yìí, ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, pé kó wá wọn ilẹ̀ kó sì sọ iye páálí tí wọ́n máa rà. Ọkùnrin náà wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ètè: èyí tó máa wọlé bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n máa gé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èyí tó máa fọ́ lọ́nà. Màmá jẹ́ kó parí. Ó wá fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ bàbá bàbá mi.

"Ibí yìí, ẹ ò ní fi nǹkan kan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rà á mọ́ ọn."

"Màmá, tá ò bá ní fi síbẹ̀, kí la fẹ́ rà á ṣe?"

"Tí mo bá wọbẹ̀ tán, kí lẹ fẹ́ fi bò mí? Ẹní? Ṣé ẹ rò pé irú àwọ̀ yìí á ṣì wà lọ́jà nígbà yẹn? Ẹ ó wá fi funfun lẹ̀ mọ́ ọn bíi ṣòkòtò tí wọ́n lẹ̀ nídìí."

Onítáìlì wo téèpù, ó wo Màmá. Ó ní kí Màmá má bínú, òun ò lè wọn sàréè ẹni tó ń dá òun lóhùn. Ó ní níbi tí wọ́n ti bí òun, ẹni tó bá ti dákẹ́ nìkan ni wọ́n ń fi okùn wọ̀n. Màmá ní ìyẹn ò le, òun àti ọmọ ọmọ òun ga bákan náà. Bí wọ́n ṣe pè mí wá láti ìdí kòkó tí mo ń yí nínú oòrùn nìyẹn.

Nígbà tí ìlà ṣọ́ọ̀kì dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ara mi ò gbà á mọ́. Mo fò dìde, mo gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ, mo tẹ kòkó mọ́lẹ̀ ṣàkàṣàkà.

"Ẹ̀rù ò ba ọkọ mi o!" Màmá ń pariwo tẹ̀ lé mi. "Ó kàn fẹ́ràn eré sísá ni!"

Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi ò balẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí télọ̀ bá wọ̀n ni ṣòkòtò máa bá mu. Èmi ni wọ́n sì wọ̀n. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo rí ni kí n tètè ga kọjá ìlà yẹn. Wọ́n ní ẹ̀wà ń mú ọmọdé ga, mo sì ń jẹ ẹ̀wà bí ẹni tí wọ́n háyà. Mo tún ń so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka gúáfà láàárọ̀ títí apá mi á fi máa gbọ̀n. Tí mo bá ń kọjá nínú pálọ̀, ẹlòmíì á gba àárín, èmi á fara ti ògiri bí aláǹgbá.

Táìlì dé, aláwọ̀ bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Gbogbo ilé ń rùn fún sìmẹ́ǹtì tútù, ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé e sì ń ta mí létí. Bàbá mi wọkọ̀ wá láti Àkúrẹ́ láti wá wo iṣẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ fà ro.

"Kí ni ihò tó wà níbẹ̀ yẹn?"

"Màmá ní ká fi í sílẹ̀, Sà."

"Ẹ parí ẹ̀."

Màmá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ àti igbá ẹ̀gúsí, ó lọ jókòó sáàárín àyè náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí. Èèpo ń dún pẹ́, pẹ́, pẹ́. Bàbá mi ń lọ, ó ń bọ̀. Kò lè jókòó, kò kúkú sí àga nínú ilé.

"Màmá, kí làwọn èèyàn máa sọ? Pé agbára mi ò gbé e parí?"

"Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ni kò tíì parí."

"Sìmẹ́ǹtì tí mo pò ti ń le o, Sà," onítáìlì wí láti ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màmá, tó bá di ọjọ́ yẹn, a máa wá nǹkan ṣe sí i."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ yẹn, Màmá."

"Ọjọ́ Kérésì?"

Onítáìlì bú sẹ́rìn-ín, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Màmá gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ohun tó ò lè fẹnu sọ lójú mi, ṣé wàá lè sọ ọ́ lẹ́yìn mi? Àwọn àbúrò rẹ á ní kí wọ́n gbé mi lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ á máa sọ pé 'ọjọ́ yẹn, ọjọ́ yẹn,' wọ́n á sì ti gbé mi lọ. Èmi ò fẹ́ lọ sáàárín àjèjì. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Bàbá mi jáde. Mo rí i níwájú kòkó, tó ń fi bàtà òde rẹ̀ yí i láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé irú ẹ̀rù tó wà lára mi wà lára àgbàlagbà, tó tún jẹ́ tíṣà. Ó padà wọlé. Ohùn rẹ̀ dà bíi tèmi.

"Tí ẹ bá kú, Màmá, ibí la máa sin yín sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá."

Màmá gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò láṣọ, ó dìde. "Ó dáa. Ẹ bá mi gbé páálí tó kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kẹ́nikẹ́ni má sì lọ fi í tẹ́ ilé ìwẹ̀."

Ẹní ló bo ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí mo ti ga débi tí orí mi ń kan àtẹ́rígbà, Màmá pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Fọkàn balẹ̀ báyìí. Tí wọ́n bá tẹ́ ọ síbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹsẹ̀ rẹ máa wà." Àṣé ó mọ̀! Ó mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n jẹ gbogbo ẹ̀wà yẹn.

Ó kú nígbà tí mo ti nírùngbọ̀n. Lóòótọ́, àwọn àbúrò bàbá mi dárúkọ itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì sẹ́ni tó tún bá a jiyàn. Táìlì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó, ó tún ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n nù ún tán, tiẹ̀ ń dán, ìyókù ilẹ̀ ti ṣá. Páálí kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Ohun tí kò sẹ́ni tó rò mọ́ ìṣirò náà ni ẹsẹ̀ wa, tó ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí ìyókù láti ọjọ́ yìí wá. Títí dòní, ẹni tó bá wọlé á mọ ibi tí Màmá wà láìbèèrè.

Láìpẹ́ yìí, èmi náà dúró ní ṣọ́ọ̀bù onítáìlì kan nítòsí Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́. Ọmọkùnrin tó ń tà á tẹ fóònù rẹ̀, ó sọ iye páálí tó máa tó pálọ̀ mi. Mo ní kó tún un tẹ̀. Mo jáde, mo wọlé, mo tún jáde.

"Ọkùnrin yìí, ṣé èèrà ń jẹ ọ́ ni?" ìyàwó mi bi mí. "Ilẹ̀ lásán la fẹ́ tẹ́."

Mi ò rí ilẹ̀ lásán rí láyé mi. Ohun tí Màmá fi sí mi lára nìyẹn: tí mo bá wo ilẹ̀, mo máa ń wò ó bíi ti ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní rìn lórí rẹ̀ títí. Ìgboyà tirẹ̀ ni kò fi sílẹ̀, ó gbé e lọ. Ó rẹ̀ mí láti máa sá. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé, lójú oníkẹ̀kẹ́, mo sọ fún ìyàwó mi ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n sin mí sí tí mo bá kú, mo sì sọ ọ́ dópin.

Ó ní, "A ò tíì tẹ́ táìlì, o ti fẹ́ kú." Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Mo ti gbọ́."