Ohùn Táyọ̀ Nínú Orin Tuntun

Ìyá Táyọ̀, ṣé àwọn ọmọ wa ti parí ìjà wọn, àbí mo kàn ń tan ara mi ni?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Mò ń ha èèpá dúdú lára púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín yan, lónìí ni rédíò ní ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì wọn ti padà dé pẹ̀lú orin tuntun.

Gìtá bú ramúramù. Bàbá Kúnlé kígbe ní yàrá: "Ẹ pa nǹkan yẹn! Ṣé ilé ń wó ni?"

Mo ní, "Ọmọ yín ló ń kọrin. Ẹ wá gbọ́."

Bó ṣe jáde, ohùn kejì gba orin lẹ́nu Kúnlé.

Bàbá Kúnlé ní, "Táyọ̀ nìyẹn!" Kò ní ká pa á mọ́.

Inú ẹbu epo yín, níbi tí ẹ ti ń fún epo pupa, ní Ìkọ̀yà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi garawa ṣe ìlù. Ìjà ipò olórí tú wọn ká, àwa ìyá náà ò sì jókòó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, títí ẹ fi kó lọ sí Òde-Ìrèlè.

Kúnlé kì í kọ̀wé sílé. Bí Táyọ̀ bá ti bá yín sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fi èsì rán awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá. Ṣé wọ́n ti jọ ń jẹun?