Ògiri Tó Wó Lu Màmá Onírin

Màmá Onírin ti kú. Ògiri ilé-iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n ti pa tì ló wó lù ú níbi tó ti ń ṣa irin àlòkù. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ ló kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ àlàpà.

Ilé-iṣẹ́ náà ni Màmá ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Àwọn tó ni ín ti ilẹ̀kùn, wọ́n bá tiwọn lọ, ṣùgbọ́n òun ò gbàgbé àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ó ń ṣa eyín ẹ̀rọ, páìpù, bàtà rọ́bà tó ti ya, ó ń fi iná jó àwọn irin náà pọ̀ títí wọn yóò fi di ère èèyàn. Èyí tó gbọ́wọ́ lé ìbàdí yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn ni.

Èmi aládùúgbò rẹ̀ bi í nígbà kan pé, “Màmá, ẹ ò bẹ̀rù pé ilé yìí lè wó?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mo ju ilé yìí lọ lọ́jọ́ orí, mi ò sì tíì wó.”

Síbẹ̀, ó bẹ àwọn aláṣẹ ìlú pé kí wọ́n bá a wó ògiri tó ti là. Ọjọ́ tí wọ́n fi katapílà gbé ère rẹ̀ tó tóbi jù lọ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn ni. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n sì bá a ya fọ́tò, eyín funfun báláú.

Nígbà tí ògiri wó, ọmọ rẹ̀ sáré lọ bá wọn. Akọ̀wé ní ọ̀gá wà nípàdé, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí katapílà jáde.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi ṣì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ibẹ̀.”

“Ta ló ní kí wọ́n wọ ilé onílé?”

Ilé onílé. Ṣé irin onílé kọ́ ni ère tí ẹ fi ṣe ẹnu ọ̀nà yín lọ́ṣọ̀ọ́?

Ọwọ́ lásán la fi ń wú búlọ́ọ̀kù. Èékánná wa ya. Ohùn tó ń dá wa lóhùn rọ̀, ó di mímí, ó dákẹ́. Ìgbà tí a kàn án, ara rẹ̀ ti tutù. Ọjọ́ kejì ni katapílà dé, ó wá kó àlàpà kúrò lójú títì.

Àwọn aláṣẹ ti wá ń sọ pé ìlú pàdánù akọni. Ta ló pa akọni náà? Àwọn ògiri yòókù ṣì dúró, àwọn ọmọdé sì ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ wọn.

Ẹ wó wọn lónìí. Ẹni tó gbọ́ pé ògiri ti là tó sì lọ sùn, ẹni tí ìpàdé rẹ̀ ò ṣeé dá dúró, ẹ jẹ́ kó jáde, kó wo ojú ọmọ yìí, kó sọ ohun tó ṣe. Títí dìgbà náà, ẹ má gbé òdòdó wá sí sàréè ìyá rẹ̀. A máa dá a padà.